Ogójì Ìbéèrè àti Imú Kan

"Wọ́n ní ọmọkùnrin Tunis yẹn sọ pé ilé Si Tijani kò…"

"Kò kín ni?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó gbọ́ ló sọ fún mi. Ó ní ilé yẹn kò tíì… àti pé ọmọbìnrin wọn ni…"

"Dorsaf? Kí ló ṣe é?"

"Mo ní mi ò sí níbẹ̀."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn láàárín àwọn obìnrin tó ń ta òdòdó ọsàn kíkan ní ọjà Nabeul, ní Tunisia, nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ. Ẹni kan á gé e sí méjì, á gbé ìdajì fún ẹnìkejì, onítọ̀hún náà á tún gé ìdajì ọ̀hún. Nígbà tó fi máa dé etí Dorsaf fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń wọn òdòdó tó rà, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: ọkùnrin náà wò wọ́n, ó ní wọn ò tó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Dorsaf di òdòdó rẹ̀, ó gbé e sí èjìká, ó kọrí sílé. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ìdajì tirẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Bàtà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọ̀hún, Wajdi Ben Sassi wọ ilé Si Tijani láti ìta tí oòrùn ti mú ganrín-ganrín, ojú rẹ̀ kò sì tíì mọ́ òkùnkùn inú ilé lára. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹní.

"Bàtà yín," ohùn kan sọ.

Ó wolẹ̀. Aṣọ funfun kan ló tẹ́ láti ògiri dé ògiri, òdòdó funfun sì kún orí rẹ̀ débi pé èèyàn kò lè mọ ibi tí aṣọ parí sí. Àárín rẹ̀ gan-an ló dúró sí. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ń se òdòdó di omi olóòórùn. Òdòdó wà lórí ìborí rẹ̀, òdòdó wà létí aṣọ rẹ̀, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Oyin kan ń rìn lọ ní èjìká rẹ̀, kò lé e.

"Ẹ má bínú," Wajdi ní. "Mo rò pé ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ náà ni. Àárọ̀ yìí la tẹ́ òdòdó sórí ẹ̀."

Khalti Wassila, ìyá àgbà tó ti ń ṣa òdòdó nínú ilé yẹn láti ìgbà ìyá Si Tijani, rẹ́rìn-ín láti igun. "Jẹ́ kó bọ́ ọ. Àbí kò ní ìbọ̀sẹ̀ ni?"

Wajdi bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ ojú nínú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún.

"Ìjọba ló rán an wá lóòótọ́," Khalti Wassila ní. "Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ ti jẹ́rìí."

Òótọ́ ni ìyá àgbà sọ. Àjọ kan ní Tunis tó ń ran àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ ló rán an. Àjọ náà ní àpótí kékeré kan tí wọ́n lè so mọ́ ẹnu ìkòkò. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tó wà nínú rẹ̀ á máa ka ooru tó ń jáde, á fi àkọsílẹ̀ ọdún tó ti kọjá kọ́ ara rẹ̀, á sì máa sọ ìgbà tí omi òdòdó ti tó gé. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e fún ilé tí kò tíì ṣetán. Ìbéèrè ogójì ni Wajdi gbé wá láti fi mọ èyí tó ṣetán àti èyí tí kò ṣetán.

Si Tijani fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe àjọ náà. Ó yà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, torí ọkùnrin tí kò gbà kí wọ́n fi gáàsì rọ́pò igi ìdáná ni. Ó jókòó sórí àga, ọwọ́ lórí orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́jọ́.

"Ṣé ẹ ní àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà yín?" Wajdi bi í.

Si Tijani nawọ́ sí pẹpẹ. Ìwé mọ́kànlá wà níbẹ̀, ọdún kan, ìwé kan.

"Ta ló ń kọ ọ́?"

"Dorsaf."

"Ta ló mọ kọ̀ǹpútà lò?"

"Dorsaf."

"Ta ló ń mọ ìgbà tí omi tó gé?"

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ gígé yìí ṣe rí. Omi tó bá kọ́kọ́ kán láti ẹnu ìkòkò le, àwọn aláàkàrà òyìnbó ló ń rà á. Èyí tó tẹ̀ lé e wà fún kọfí. Ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́, òun ni wọ́n ń kán sí omi fún ọmọ tuntun kí ó lè sùn. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n gbé ìgò mìíràn síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́ pa pọ̀.

Si Tijani fọwọ́ kan imú rẹ̀. "Imú mi ni," ó ní.

Dorsaf tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó sì lọ gbé kọfí.

Ní ilé náà, ẹ̀kán omi òdòdó mẹ́ta ni wọ́n ń kán sí kọfí àlejò. Méje ni ti ará ilé. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kan, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bá a. Dorsaf kán mẹ́ta sí ti Wajdi. Wajdi mu ún tán, ó wo ìsàlẹ̀ ife bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ síbẹ̀.

"Ẹ lè bèèrè òmíràn," Dorsaf ní. "Kò sí nínú ìbéèrè ogójì yín ni?"

"Ìkọkànlélógójì nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni Dorsaf ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ìbéèrè.

Ọjọ́ méjì ló yẹ kí Wajdi lò. Ó lo méjìdínlógún. Ó kọ̀wé sí Tunis pé iṣẹ́ náà gba ìfarabalẹ̀, irọ́ kọ́ sì ni. Àárọ̀ ni á dé, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó ti Khalti Wassila, á máa yọ ewé kúrò lára òdòdó pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́.

"O ń fún un lọ́rùn," Dorsaf á ní. "Mú un bí ẹni mú etí ọmọdé."

"Ta ni mo máa mú létí? Mi ò tíì bímọ."

"Ta ló bi ọ́?"

"Èmi náà fẹ́ máa dáhùn ìbéèrè. Ó ti sú mi láti máa bèèrè."

Khalti Wassila ní tirẹ̀ ń wo ife Wajdi. Ẹ̀kán inú kọfí ló ń kà. Ọjọ́ karùn-ún, ó ka mẹ́rin. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ka márùn-ún. Ó fọwọ́ kan apá Si Tijani, ṣùgbọ́n Si Tijani kò wo ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá ni Wajdi dán ìwé mọ́kànlá náà wò. Orí ìgò kọ̀ọ̀kan ni Si Tijani ń so òwú mọ́, pupa, aró tàbí òféfèé, òwú náà ló ń sọ irú omi tó wà nínú ìgò. Nínú ìwé, orúkọ oníbàárà àti àwọ̀ òwú nìkan ló wà. Wajdi ya àwòrán gbogbo ojú ìwé, ó gbé e fún kọ̀ǹpútà, ó ní kí ó sọ òwú tí ó tọ́ sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí. Ẹ̀rọ náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáhùn kíá, pẹ̀lú ìdánilójú bí ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà. Wajdi kó ìgò méjìlá jọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí, inú rẹ̀ dùn, ó to wọ́n sórí tábìlì.

Dorsaf gbé èyí tó kángun, ó wo orúkọ, ó wo òwú. "Èyí ń lọ sọ́dọ̀ ta ni?"

"Ọmọ aláṣọ tó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òwú aró. Ọdún mẹ́ta léra ni aró ń lọ sílé wọn."

"Aró ọdún yìí, omi tó le jù ni. Bí ọmọ tuntun yẹn bá mu ún, kò ní sùn títí wọ́n á fi fi í fún ọkọ."

"Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá…"

"Lọ́dún tó kọjá, aró ni ti kọfí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ti ọmọ tuntun ni. Ọdọọdún la máa ń yí i padà."

"Kí ló dé?"

"Kí ojú má baà mọ̀ ọ́n." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé omi tutù. "Bí àwọn aládùúgbò bá mọ èyí tó le, wọ́n á mọ iye tí a rí. Bí wọ́n bá mọ iye tí a rí, ojú wọn á wọ inú ìkòkò."

Wajdi jókòó. "Mo ti wà níbí fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó sọ fún mi."

"O ò bèèrè."

Ó wò ó, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì débi pé Dorsaf bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Wajdi gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀rọ Tunis ti já sófo, ìwé mọ́kànlá ti di èdè mọ́kànlá, Wajdi sì jókòó síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá ló rí èyí tó kù. Ìkòkò ń kán. Si Tijani tẹ̀ síwájú, ó gbé imú lé ẹnu ìgò, ó sì fojú ẹ̀gbẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Dorsaf, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, fọwọ́ kan ìborí lẹ́ẹ̀kan. Si Tijani mi orí, kò gé e. Ó tún gbóòórùn. Dorsaf fọwọ́ kan ìborí lẹ́ẹ̀mejì. Wàrà, Si Tijani gbé ìgò kúrò, ó gbé òmíràn síbẹ̀. "Ó ti tó," ó ní.

Wajdi dúró dìgbà tí bàbá jáde lọ kírun.

"Láti ìgbà wo?" ó bi í.

Dorsaf kò díbọ́n. "Láti ìgbà òtútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bàbá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kò gbóòórùn kankan mọ́, kódà bí búrẹ́dì bá jóná níwájú ẹ̀. Khalti mọ̀. Èmi mọ̀. Ní báyìí, ìwọ."

"Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ẹ̀rọ náà."

"Ẹni méjì ló ti wá bèèrè mi lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dá wọn padà. Bí mo bá lọ sílé ọkọ, ta ló máa fọwọ́ kan ìborí? Ó ní bí ẹ̀rọ bá dé, òun á jẹ́ kí n lọ." Ó ń fọ ìgò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Kọ ọ́ pé a ti ṣetán, Wajdi."

Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ rẹ̀. Wajdi gbọ́ orúkọ, ó sì gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń retí kí ẹ̀rọ wọlé kí ọmọbìnrin yìí lè jáde, òun náà wà nínú wọn.

"Ṣé o rò pé a ti ṣetán?" ó bi í.

Dorsaf gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ se kọfí. Lọ́jọ́ náà, ó kán mẹ́fà sí kọfí rẹ̀, ó sì dá ìgò dúró kí ìkeje tó kán.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Dorsaf lọ sọ́jà òdòdó. Wajdi dúró ti Si Tijani nídìí ìkòkò, ó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Khalti Wassila ló ń koná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí Dorsaf padà, bàtà Wajdi kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

"Kí ló sọ?" ó bi bàbá rẹ̀.

"Ó ní a kò tíì ṣetán," Si Tijani ní, ó sì kọjú sí ògiri.

Kò parọ́. Ìdajì ló sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ Wajdi wọ fóònù Dorsaf: "Mo ti sọ tèmi fún bàbá rẹ. Ọwọ́ wọn ló kù sí." Dorsaf kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjà ti dé etí rẹ̀, ó lọ bá Khalti Wassila.

"Khalti, ẹ wà níbẹ̀. Kí ló sọ?"

"Mo wà níbẹ̀, mo ń koná."

"Ẹ sọ fún mi."

"Ṣé èmi ni wàá kọ́ lófin ilé yìí?" Ìyá àgbà kò gbé ohùn sókè. "Ohun tí wọ́n bá sọ nídìí ìkòkò, omi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A kì í gbé e jáde títí omi yẹn fi máa sinmi ogójì ọjọ́. Ìyá bàbá rẹ ló fi lé mi lọ́wọ́. Lọ ka ọjọ́ rẹ."

"Gbogbo ọjà ló ti ń sọ ọ́."

"Ọjà ò sí nídìí ìkòkò. Bàbá rẹ sọ ìdajì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ìdajì yẹn fún ìyàwó. Ìyẹn ni wọ́n ń jẹ."

Dorsaf kò dá ọ̀rọ̀ fóònù náà lóhùn. Ó ṣiṣẹ́. Ìgbà òdòdó parí. Àwọn ìgò dúró nínú òkùnkùn yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n fi koríko hun aṣọ fún wọn láti ọrùn dé ìdí. Ní oúnjẹ alẹ́, bàbá àti ọmọ ń bára wọn sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti omi. Nígbà mìíràn Si Tijani á la ẹnu, á tún pa á dé. Bí ó bá sọ ìyókù, ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ ti imú òun fún ìlú. Ọkùnrin tí wọ́n ti ń pè ní Imú Nabeul fún ọgbọ̀n ọdún, kò rọrùn fún un.

Ní ìlú Béja, ní ilé ìyá Wajdi, ọ̀rọ̀ mìíràn ń lọ.

"Ọkùnrin kì í kó lọ bá ìyàwó," Lella Mongia, ìyá rẹ̀, ní. "Kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn àǹtí rẹ?"

"Ẹ wí fún wọn pé ibi tí iṣẹ́ ìyàwó mi wà, ibẹ̀ ni mo wà. Èmi, kọ̀ǹpútà ni mo ń gbé kiri. Òun, ìkòkò bàbà ni. Èwo ló rọrùn láti gbé, Ìyá?"

Lella Mongia wò ó títí. "Ó ti gbà fún ọ ná?"

"Mi ò mọ̀."

"O ń bá mi jà lórí ẹni tí kò tíì gbà." Ó dìde, ó lọ wá àpò ìrìnàjò rẹ̀. "Jẹ́ kí n lọ wo ìkòkò yìí."

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, wọ́n ṣí ìgò àkọ́kọ́. Ìlànà ni pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sè é, àti àwọn tó ta òdòdó rẹ̀, ni wọ́n ń pè wá tọ́ ọ wò. Dorsaf kọ́ ló ránṣẹ́ sí Wajdi. Si Tijani ni, láìsọ fún un. Nítorí náà nígbà tí Dorsaf gbé àwo kọfí wọlé, bàtà ọkùnrin ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbójú sókè. Wajdi jókòó lẹ́bàá ògiri, ìbọ̀sẹ̀ tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, àpò lórí itan. Ọkùnrin tó bá mú ìyá rẹ̀ wá, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó bá wá. Àwọn obìnrin ọjà méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ń sọ pé òun ò sí níbẹ̀.

Si Tijani já ìdérí ìgò. Gbogbo ilé ń retí kí ó gbé e símú bí ó ti máa ń ṣe. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Dorsaf ni kí ó gbóòórùn rẹ̀," ó ní. "Imú tèmi ti kú láti ọdún méjì. Òun ló ń gé omi tí ẹ̀ ń rà."

Àwọn obìnrin ọjà wo ara wọn. Dorsaf gba ìgò. Ojú rẹ̀ ń ta á, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó dára, Bàbá."

"Mo mọ̀." Si Tijani jókòó bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Khalti, ọjọ́ ti pé. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Mo ti sọ ìdajì, ìdajì náà sì ti rìn ju odindi lọ."

Khalti Wassila nu ẹnu. Ó kọjú sí obìnrin tí kì í sí níbẹ̀. "Èmi, mo wà níbẹ̀," ó ní. "Ohun tó sọ rèé. 'Si Tijani, ilé yín kò tíì ṣetán. Ìwé mọ́kànlá, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ń sọ èdè tirẹ̀, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè rí kọ́ níbẹ̀. Mo lè kọ ọ́ pé ẹ ti ṣetán. Èmi ni ìyẹn máa ṣe lóore jù, torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá wọlé ni ọmọ yín lè jáde, èmi ni mo sì fẹ́ kí ó jáde wá bá. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, omi yín á sì bàjẹ́.'"

Dorsaf gbé ìgò lé ife Wajdi. Ó kán ọ̀kan. Ó kán èkejì.

"Si Tijani ní, 'Kí ni kí n wá ṣe?' Ó ní, 'Ẹni tí ẹ ń fi ẹ̀rọ wá ti wà nínú ilé. Ẹ sọ ọ́ fún ìlú, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, òwú kan, ìtumọ̀ kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n tún bi yín ní ìbéèrè ogójì mi.'"

Ìkẹta, ìkẹrin.

"Si Tijani ní, 'Ọdún mẹ́ta. Ṣé kí ọmọ mi dàgbà sí mi lọ́rùn?' Ó ní, 'Bí ẹ bá gbà, tí òun náà bá gbà, èmi ni mo máa kó wá sí Nabeul. Kò ní láti fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi.'"

Ìkarùn-ún. Lella Mongia na ọrùn wo ife náà. Ìkẹfà. Ọwọ́ Dorsaf dúró lókè. Ó wo ojú Wajdi, ó sì jẹ́ kí ìkeje, ti ará ilé, kán.

"Si Tijani wo iná fún ìgbà pípẹ́," Khalti Wassila ní. "Ó wá ní, 'Mi ò lè bá ọmọ mi dáhùn ìyẹn. Òun ni kí o bi.'"